Ibi Tí Àṣẹ Ìpínlẹ̀ Mọ Lórí Ìjọba Ìbílẹ̀

Ìyá kan tó ń ta ata nínú ọjà tí mo máa ń ná ló fi tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà hàn mí. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wà lókè rẹ̀, òǹtẹ̀ búlúù tó ti ń ṣá wà nísàlẹ̀. Wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n tì í bọ inú agolo mílíìkì tí àwọn tó kù wà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹsẹ̀ júwe gọ́tà tó gba abẹ́ àtẹ wọn kọjá. Omi inú rẹ̀ dúdú, kò ṣàn, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ti dí i pa. “Ọmọ mi, ta la fẹ́ sọ ọ́ fún?” Kí n tó dáhùn, àwọn tó wà nítòsí ti gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Ẹnìkan ní alága káńsù ni. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n má da ara wọn láàmú dé káńsù, gómìnà ló ni gbogbo wọn. Ẹnìkẹta, ọkùnrin tó ń ti ọmọlanke, ní Àbújá lowó ti ń wá, kí wọ́n lọ bi Àbújá.

Kò sí ẹni tó parọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó fà á gan-an nìyẹn tí gọ́tà kan fi lè dí fún ọdún gbọọrọ: ẹni tó ni iṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó di owó mú, ẹni tó di owó mú sì yàtọ̀ sí ẹni tó ń pín in. Nínú ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ ibi tí àṣẹ ọ̀kan parí sí kí ti èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Iṣẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ mú, torí òun ló rọrùn jù. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 ní Àfikún Kẹrin tó to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ọjà wà níbẹ̀, gáréèjì ọkọ̀ wà níbẹ̀, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, gọ́tà, iná ojú títì, kíkó ìdọ̀tí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba, fífún àdúgbò lórúkọ, kíkọ nọ́ńbà sára ilé, àkọsílẹ̀ ọmọ tuntun, ti òkú àti ti ìgbéyàwó. Ọmọlanke ọkùnrin yẹn pàápàá wà níbẹ̀: káńsù ló ni ìwé àṣẹ rẹ̀. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera jẹ́ iṣẹ́ tí káńsù àti ìpínlẹ̀ jọ ń ṣe. Ti gọ́tà abẹ́ àtẹ Ìyá Aláta kò ní àríyànjiyàn nínú. Iṣẹ́ káńsù ni.

Ìpínlẹ̀ kò sì lè gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ káńsù lọ́wọ́ nígbà tó bá wù ú. Ìpínlẹ̀ Kano ti dán irú rẹ̀ wò rí. Ó gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ aṣírò iye ilé kan, Knight Frank and Rutley, pé kó bá òun díye lé àwọn ilé tí wọn yóò máa gba owó ilé lórí wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́, tó sì dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ lọ́dún 1998, àwọn adájọ́ ní iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni iṣẹ́ yẹn lábẹ́ òfin, ìpínlẹ̀ kò lágbára láti gbé e fún ẹnikẹ́ni, àdéhùn náà kò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, ẹ fi ẹjọ́ yìí sọ́kàn.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni abala keje ìwé òfin náà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ojú méjì. Ojú kìíní sọ pé òfin fọwọ́ sọ̀yà pé ìjọba ìbílẹ̀ tí àwọn ará ìlú dìbò yàn gbọ́dọ̀ wà. Ojú kejì sọ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ni yóò rí i dájú pé wọ́n wà, nípa òfin tí yóò sọ bí a ṣe ń dá wọn sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń rí, àwọn tí yóò wà níbẹ̀, bí ìnáwó wọn yóò ṣe máa lọ àti iṣẹ́ tí wọn yóò máa ṣe. Láti ìgbà tí ìjọba alágbádá ti padà dé lọ́dún 1999 ni àwọn gómìnà ti ń di ojú kejì yìí mú bí ẹni di ìwé ilẹ̀ mú, tí wọ́n sì ń ka ojú kìíní bí ìgbà tí a bá ń ka àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé.

Lójú tèmi, alágbàtọ́ ni òfin fi ìpínlẹ̀ ṣe. Alágbàtọ́ lè bi ọmọ léèrè ibi tó ti ń bọ̀, ó lè wo àpò rẹ̀, ó lè mú un lọ síwájú àgbà bí ó bá ṣe ohun tí kò dáa. Kò lè ta ọmọ, kò sì lè ná ogún ọmọ. Bí a bá fi èyí wo àwọn ẹjọ́ tó ti wáyé, wọn yóò yé wa.

Ohun tí ìpínlẹ̀ lè ṣe pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má tàn wá pé káńsù ti di òmìnira pátápátá. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń ṣe òfin tí káńsù ń tẹ̀ lé, títí kan iye ọdún tí alága yóò lò. Lọ́dún 2002, nígbà tí Ilé Aṣòfin Àgbà ní Àbújá fẹ́ fi òfin ìdìbò sọ iye ọdún náà, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní kì í ṣe iṣẹ́ wọn, iṣẹ́ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ni. Àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ ló ń ṣètò ìbò káńsù, kì í ṣe INEC, àyàfi ní Àbújá. Àjọ tó ń rí sí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, èyí tó ń gba àwọn òṣìṣẹ́ ipò gíga, tó sì ń gbé wọn kiri láti káńsù kan sí òmíràn, ti ìpínlẹ̀ ni. Olùyẹ̀wò ìṣirò owó àgbà fún ìjọba ìbílẹ̀ náà, òfin ìpínlẹ̀ ló gbé e kalẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ojú àti etí ìpínlẹ̀ nínú káńsù, ohun tó tọ́ sì ni.

Èyí tí kò lè ṣe ni kí gómìnà jí lówùúrọ̀ kó ní òun ti tú káńsù ká. Àṣà yìí ti jin wa lẹ́sẹ̀ púpọ̀. Gómìnà tuntun á gorí àlééfà, yóò bá àwọn alága tí wọ́n dìbò yàn lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn, á ní kí wọ́n máa lọ sílé wọn, á sì fi àwọn alága fìdíhẹ dípò. Wọ́n ṣe é ní Èkìtì lọ́dún 2010. Àwọn tí wọ́n lé lọ gba ilé-ẹjọ́ lọ, ọ̀rọ̀ náà sì rìn títí ó fi dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni ìdájọ́ jáde: òfin ìpínlẹ̀ kankan tó bá ní gómìnà lè tú ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn ká ti tako abala keje, kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ máa rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ọjọ́ tí wọ́n búra wọlé fún Gómìnà Ṣèyí Mákindé ní Ọ̀yọ́, ni àṣẹ jáde pé káńsù túká. Ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ni Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tó dá àwọn alága tí wọ́n lé láre pé ohun tí wọ́n ṣe sí wọn lòdì sófin. Ẹ wo déètì yẹn dáadáa. Ọdún mẹ́ta ni ìbò tí wọ́n dì fún wọn lọ́dún 2018, ó sì ku ọjọ́ díẹ̀ péré kó parí nígbà tí ìdájọ́ dé. Kò sí àga gidi kan tí wọn yóò padà sí. Owó oṣù àti àjẹmọ́nú wọn nìkan ni ilé-ẹjọ́ lè ní kí wọ́n san fún wọn. Àpò ìjọba ló sì san owó náà, ìyẹn ni pé Ìyá Aláta àti irú wọn ló gba ẹ̀bi rù. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rò ó: ìdájọ́ tó tọ́, tó dé nígbà tí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ kò lè lò ó mọ́.

Dídá ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ náà ní ààlà. Ìwé òfin to orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ 768 àti káńsù mẹ́fà Àbújá, àròpọ̀ wọn jẹ́ 774. Ìpínlẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ètò láti dá tuntun sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí títí Ilé Aṣòfin Àgbà yóò fi ṣòfin tó fi orúkọ rẹ̀ kún ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Èkó dá 37 sílẹ̀ kún 20 tó ní, ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ di owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mú. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá ẹjọ́ náà ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2004, ó sì bá ẹgbẹ́ méjèèjì wí: àwọn 37 náà kò tíì gbó lójú òfin, ṣùgbọ́n Ààrẹ náà kò lágbára láti di owó àwọn 20 tí òfin mọ̀ mú. Ó di ọdún 2007, lábẹ́ Yar'Adua, kí owó náà tó jáde. LCDA tí ẹ ń gbọ́ ní Èkó títí di òní, ìyẹn àwọn àgbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, ibẹ̀ ló ti wá. Kò sí LCDA kankan tó ní ìpín tirẹ̀ láti Àbújá.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn. Nínú ọgọ́rùn-ún náírà tó bá wọ àpò àjùmọ̀ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n fẹ́ pín, ìjọba àpapọ̀ ń mú náírà 52 àti kọ́bọ̀ 68, àwọn ìpínlẹ̀ ń mú náírà 26 àti kọ́bọ̀ 72, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń mú náírà 20 àti kọ́bọ̀ 60. Owó ńlá ni náírà 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí bí ọgbọ́n kan ṣe lè sọ pé káńsù kò rí owó kó ìdọ̀tí inú gọ́tà.

Mo lọ sí sẹkitéríàtì káńsù kan rí láti béèrè nípa irú gọ́tà bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé tó dá mi lóhùn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ṣí fáìlì kan níwájú mi, ó fi bírò tọ́ ìlà kan, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, iye tí wọ́n kéde pé ó jáde fún wa nìyí.” Ó sún bírò náà wálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Iye tó dé ọ̀dọ̀ wa nìyí.” Ìlà kejì kò tó ìlàjì ti àkọ́kọ́. Mo béèrè ibi tí ìyókù gbà. Ó pa fáìlì dé, ó ní, “Jàáàkì.”

Jàáàkì yìí ni ìgbìmọ̀ tó ń jókòó lórí àpò àjùmọ̀ní ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Abala 162 ló dá àpò náà sílẹ̀: owó káńsù yóò gba ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọjá, “fún àǹfààní” àwọn káńsù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì, owó àwọn ọba, ìyẹn sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà ni ìpínlẹ̀ púpọ̀ ti ń yọ owó iṣẹ́ tí káńsù kò gbé fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 2019, àjọ tó ń ṣọ́ bí owó ṣe ń rìn ní Nàìjíríà, NFIU, pàṣẹ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún náà, owó tó bá wọ àpò yẹn gbọ́dọ̀ dé inú àkáǹtì káńsù, àti pé káńsù kò gbọ́dọ̀ gba ju 500,000 náírà owó tútù jáde ní báńkì lójúmọ́ kan. Àwọn gómìnà fárí gá.

Èyí ló mú kí Mínísítà fún ètò ìdájọ́, Lateef Fágbèmí, gbé gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì lọ sí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ lọ́dún 2024. Ọjọ́ 11 oṣù Keje ni adájọ́ méje gbé ìdájọ́ kalẹ̀, Adájọ́ Emmanuel Agim ló ka èyí tó léwájú. Wọ́n ní ìpínlẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti di owó káńsù mú tàbí láti ná an. Wọ́n ní ọ̀nà tí owó ń gbà nípasẹ̀ ìpínlẹ̀ ti bàjẹ́, nítorí náà kí wọ́n máa san án tààrà fún káńsù. Wọ́n sì ní káńsù tí kò bá ní alága àti kánsẹ́lọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn kò gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀. Ìdí rèé tí ìpínlẹ̀ tí kò ṣe ìbò fún ọdún púpọ̀ fi ń sáré ṣe é lẹ́yìn ìdájọ́ náà. Sísan tààrà náà kò yá bẹ́ẹ̀ o. Oṣù púpọ̀ kọjá tí owó ṣì ń gba ojú ọ̀nà àtijọ́.

Ìbò tí wọ́n ń sáré ṣe náà gbọ́dọ̀ bófin mu. Ní Rivers, wọ́n dìbò káńsù ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fagi lé e ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2025 torí wọn kò tẹ̀ lé òfin ìdìbò.

Ó ku ìbéèrè tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn: bí alága káńsù bá wá ń kó owó jẹ ńkọ́? Ṣé a ó máa wò ó ni? Rárá. Ohun tí àwọn ẹjọ́ yẹn sọ ni pé ọ̀nà òfin ni ká gbà. Olùyẹ̀wò ìṣirò owó yóò wo ìwé, yóò kọ ìbéèrè sí alága lórí owó tí kò ní rìsíìtì. Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìròyìn rẹ̀ yóò dé ọwọ́ ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìṣirò owó ìlú, wọ́n sì lè pe alága wá dúró síwájú wọn ní gbangba. Òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ fún gómìnà láyè láti gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Yíyọ alága nípò, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ọwọ́ àwọn kánsẹ́lọ̀ tí wọ́n jọ jókòó ni òfin fi í sí. Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: alága káńsù kò ní àbò tí kì í jẹ́ kí wọ́n gbé gómìnà lọ sílé-ẹjọ́. Abala 308 dárúkọ Ààrẹ, igbákejì rẹ̀, gómìnà àti igbákejì rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. EFCC àti ICPC lè mú alága lónìí kí wọ́n sì gbé e dé iwájú adájọ́ lọ́la, pẹ̀lú fìlà oyè lórí rẹ̀.

Ní Ẹdó, oṣù Kejìlá ọdún 2024, Gómìnà Monday Okpebholo fẹjọ́ sun Ilé Aṣòfin pé àwọn alága káńsù kọ̀ láti fi ìwé owó wọn hàn òun. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà ni Ilé Aṣòfin ní kí alága méjìdínlógún lọ rọ́kún nílé fún oṣù méjì, àti àwọn igbákejì wọn. Fágbèmí ní kò sí gómìnà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ alága káńsù. Mo gbà pé ẹni tó ń náwó ìlú gbọ́dọ̀ fi ìwé hàn. Ìbéèrè yẹn kò burú. Àmọ́ kí ẹni tó ń béèrè tún jẹ́ ẹni tó ń dájọ́, kó sì mú gbogbo alága ìpínlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láì yọ ẹnì kan sílẹ̀, ó ṣòro láti pe ìyẹn ní àyẹ̀wò owó.

Àwa ará ìlú ńkọ́? Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba láì sọ ìdí. Ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn ìpínlẹ̀ kan fi ń jiyàn pé kò kan àwọn. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ pa àríyànjiyàn yẹn ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2025: ó kan ìjọba ní gbogbo ipele. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un. Bí wọ́n bá kọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ ni ẹ ní láti gba ilé-ẹjọ́ lọ, ẹni tó bá sì fi ìwé pamọ́ láìtọ́ lè san 500,000 náírà owó ìtanràn. Ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà lè rán ẹlòmíràn béèrè fún un.

Bí ẹ bá wá fẹ́ kí ilé-ẹjọ́ fipá mú káńsù ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ìwé lẹ́ẹ̀kan sí i. Adájọ́ yóò béèrè bóyá ẹ ti kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe é, tí wọ́n sì kọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹ tún ní láti fún káńsù ní ìwé ìkìlọ̀ oṣù kan kí ẹ tó pè é lẹ́jọ́, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó dáa ló sì ti ṣubú torí pé wọ́n fo èyí. Bó bá jẹ́ owó lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ mọ̀ pé jíjàre yàtọ̀ sí rírí owó gbà: owó ìjọba tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, òfin ní kí agbẹjọ́rò àgbà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí ilé-ẹjọ́ tó lè ní kí wọ́n san án fún yín.

Èmi ni mo bá Ìyá Aláta kọ ìwé ìbéèrè tiwọn lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn. Ojú ewé kan ni. A béèrè iye tó wọlé láti tíkẹ́ẹ̀tì ọjà yẹn lọ́dún tó kọjá, iye tí wọ́n ná lórí gọ́tà ọjà náà, àti orúkọ ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Ẹ̀dà méjì la tẹ̀. Káńsù mú ọ̀kan, wọ́n lu òǹtẹ̀ lórí èkejì, wọ́n kọ déètì sí i. Ìyá ká a sí mẹ́rin, wọ́n tì í bọ inú agolo mílíìkì, wọ́n wá bi mí pé, “Ọjọ́ méje lẹ pè é? Ṣé wọ́n ń ka Sunday mọ́ ọn?”